Omi Gbígbóná Ilẹ̀ Jàpáànì Lásìkò Ìjì: Ohun Tí A San Owó Lé àti Ohun Tí A Rí Gbà

Àwa mẹ́rin ni a gbéra láti Ìbàdàn ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, láti lọ wẹ̀ nínú omi gbígbóná tí ń tú jáde láti inú ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà, olùkọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n dá a lábàá, nítorí pé orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti lọ sí Ìkọ́gosì lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti ń pàdé tí wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ omi gbígbóná kò ti kúrò lẹ́nu wọn mọ́. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, àti àbúrò wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Dùgbẹ̀, ni wọ́n sọ wá di mẹ́rin. Èmi ni mo di ìwé àkọsílẹ̀ mú, tí mo ń kọ iye tí a ná àti ohun tí a rí gbà lórí rẹ̀, inú ìwé náà ni mo sì ti fa àyẹ̀wò yìí yọ fún ẹni tó bá ń gbèrò láti gba ọ̀nà kan náà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdájọ́ mi. Ìjì líle da ètò wa rú pátápátá. Nínú ibi mẹ́ta tí a ti gbà sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé, ẹyọ kan péré ni a sùn sí. Síbẹ̀, ìlú omi gbígbóná tí a padà dé tó owó àti wàhálà tí a fi dé ibẹ̀, bí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti àwọn onílé àlejò kéékèèké sì ṣe ṣe sí wa nígbà tí nǹkan dàrú wọ̀ mí lọ́kàn ju omi náà fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni ọwọ́ aṣojú arìnrìn-àjò tí a lò nílé níhìn-ín, n ó sì sọ ìyẹn náà.

Ètò àkọ́kọ́ rọrùn lórí ìwé. A ó sùn ní Tokyo, a ó lọ sí Hakone fún ọjọ́ kan láti rí adágún Ashi àti àfonífojì Owakudani, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyin nínú omi òkè oníná títí èèpo rẹ̀ yóò fi dúdú bí èédú; láti ibẹ̀ ni a ó wọ shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré bí ọfà, lọ sí erékùṣù Kyushu, kí a lo ọjọ́ mẹ́ta ní Beppu, kí a sì fi ọjọ́ méjì parí rẹ̀ ní Yufuin. Físà ni ó gbà wá lákòókò jù, nítorí Àbújá ni ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Jàpáànì wà. Èmi ni mo gba ilé Hakone sílẹ̀ fúnra mi, pẹ̀lú àdéhùn pé a ó sanwó nígbà tí a bá dé. Ti Beppu àti Yufuin ni a gbé fún aṣojú arìnrìn-àjò kan nílùú wa, tí ó ní kí a san gbogbo owó náà sílẹ̀ ṣáájú, a sì san án.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 28, ni a dé Tokyo. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ibùdókọ̀ ni ó ń fi àwòrán kan náà hàn: ìjì kan tó rí róbótó bí òrùka funfun, tí ó ń bọ̀ lórí òkun. Ìjì yìí, tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní ìkẹwàá ti ọdún náà, tí gbogbo ayé yòókù mọ̀ sí Shanshan, gúnlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Kagoshima ní Kyushu ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29. Ohun tó mú kí ó le ni pé kò kánjú. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù wúwo, òjò rẹ̀ sì ti ń rọ̀ níbi tí ó jìnnà réré sí i, títí dé agbègbè Hakone àti Shizuoka. Òjò yìí ni kò jẹ́ kí shinkansen Tokaido, tó so Tokyo mọ́ Osaka, ṣiṣẹ́ láàárín Mishima àti Nagoya fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀nà tí a fẹ́ gbà ti já láàárín, ibi tí a ń lọ pàápàá sì wà lábẹ́ ìjì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ apá kan iṣẹ́ tí a sanwó fún. Wọn kì í dúró kí ìjì wá bá ọkọ̀ lójú irin. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti máa ń kéde pé ọ̀la, láti ibi báyìí dé ibi báyìí, ọkọ̀ kankan kò ní rìn. Wọ́n á kọ ọ́ sára pátákó, wọ́n á sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti dúró ní gáréèjì Ìwó Road rí, tí dírẹ́bà ń sọ fún un láti aago méje àárọ̀ pé ó ku ẹnì kan péré kí ọkọ̀ kún, yóò mọ ìdí tí èyí fi wọ̀ mí lára. Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn ní alẹ́ pé ọ̀nà kò ní ṣí lọ́la, ó ṣì ní alẹ́ náà lọ́wọ́ láti fi wá ọ̀nà mìíràn.

Àbúrò wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dé Kokura ní Kyushu fún ọjọ́ 30. A tẹ̀ lé e lọ sí ojú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, a sì tò fún bíi wákàtí kan. Akọ̀wé náà gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó tẹrí ba, ó tọrọ àforíjì fún ìjì tí kì í ṣe òun ló fà á, ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì níṣojú wa, ó sì tò ó sínú àwo kékeré kan kí ó tó fi ọwọ́ méjèèjì tì í síwájú àbúrò wa. Owó náà pé, wọn kò yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Òfin wọn nìyẹn: ọkọ̀ tí àwọn fúnra wọn bá fagi lé, gbogbo owó rẹ̀ ni wọn yóò dá padà, bí ọkọ̀ ayára bá sì fi wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé, wọn yóò dá owó tí èèyàn fi kún un nítorí eré sísá padà. Àwa mẹ́ta yòókù ra ìwé ìwọkọ̀ ọlọ́jọ́ méje, Japan Rail Pass, tí wọ́n ń tà fún àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Owó rẹ̀ gun òkè gan-an ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, láti yen 29,650 sí yen 50,000, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ pé kò wúlò mọ́. Fún ẹni tí yóò lọ sí ìlú kan péré, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bá ń yí padà lójoojúmọ́, ìwé yìí ni ó jẹ́ kí a máa bọ́ sínú ọkọ̀ tó bá ṣáà ti ń lọ láìtún sanwó. Ohun tí àbúrò wa padà san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju tiwa lọ dáadáa.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé yẹn ni obìnrin tó ni ilé Hakone pè wá lórí fóònù. Ó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ìtúmọ̀, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ohùn ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí a má wá. Ó ní òjò lórí òkè náà kò dára, òun kò fẹ́ kí àlejò òun wà lójú ọ̀nà nínú rẹ̀, òun kò sì ní gba owó ìfagilé kankan. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé, bí a bá ṣì fẹ́ omi, kí a dojú kọ àríwá, kí a lọ sí Kusatsu ní ìpínlẹ̀ Gunma. Ẹni tó ń pàdánù owó alẹ́ kan lọ́wọ́ wa ni ó ń júwe ibi tí a ó gbé owó náà lọ fún wa. N kò gbàgbé rẹ̀.

Ọkọ̀ tí a wọ̀ ní Ueno gbé wa fún bíi wákàtí méjì ààbọ̀ dé Naganohara-Kusatsuguchi, bọ́ọ̀sì sì gbé wa gun òkè dé inú ìlú. Nǹkan bíi mítà 1,200 ni Kusatsu fi ga ju ìpele òkun lọ, òtútù ibẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ sì dà bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Kí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó ṣí tán ni òórùn imí ọjọ́ ti wọlé. Àárín ìlú gan-an ni Yubatake wà, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ oko omi gbígbóná, orúkọ náà sì bá a mu dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ́n onígi gígùn ni wọ́n tò sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ bí ebè, tí omi ń gba orí wọn kọjá kí ó lè tutù díẹ̀, kí ó tó já sílẹ̀ sínú kòtò kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé. Lítà bíi 4,000 ni ó ń tú jáde níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ro gbogbo orísun ìlú náà pọ̀, ó ju lítà 32,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ìlú omi gbígbóná mìíràn ní Jàpáànì tí omi ń ti inú ilẹ̀ tú jáde fúnra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá silẹ̀ sínú àwọn ọ̀pọ́n náà ni wọ́n ń há, tí wọ́n ń gbẹ, tí wọ́n sì ń pè ní òdòdó omi.

Omi Kusatsu kan. Kíkan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọsàn wẹ́wẹ́, bí ó bá sì ta sí ojú ènìyàn, yóò mọ̀ ọ́n. Dókítà ọmọ Jámánì kan, Erwin Bälz, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn ní Tokyo ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tó polongo omi yìí fún ayé, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Ìbejì kò bọ́ òrùka fàdákà wọn kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n na ọwọ́ sí mi láìsọ̀rọ̀: òrùka tó ń dán bí ojú dígí ní àárọ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, dúdú náà sì ti wọ inú gbogbo iṣẹ́ ọnà tó wà lára rẹ̀. Ìkìlọ̀ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n èdè Jàpáànì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ka èyí sí àléébù, nítorí pé ìlú tó ń pe àlejò láti gbogbo ayé yẹ kí ó ya àwòrán òrùka kan síbẹ̀, ó kéré tán. Ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀ṣọ́ yín sílé.

A tún wo ohun tí wọ́n ń pè ní yumomi. Omi náà gbóná jù fún ara nígbà tó bá ń jáde, wọn kò sì fẹ́ bu omi tútù là á kí agbára rẹ̀ má bàa dínkù, nítorí náà àwọn obìnrin a máa fi pákó gígùn rò ó títí yóò fi rọlẹ̀, pẹ̀lú orin àti ìgbésẹ̀ kan náà. Bọ̀ọ̀dá ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ẹni tó ń fi omorogùn ro àmàlà fún ìnáwó ńlá. Wọ́n fún àlejò láyè láti gbìyànjú rẹ̀, Ìyá Ìbejì sì rò ó débi pé àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ilé ìwẹ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yubatake, tí wọ́n ń pè ní Shirahata-no-yu. Ọ̀fẹ́ ni. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sí ọṣẹ, kò sí gíláàsì, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi àti àwọn àgbààgbà tó ń gbé àdúgbò lọ. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo sì yọ ọ́ kíá. Bàbá kan tó wà nínú omi náà fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n kọ́kọ́ máa bu omi náà sórí ara mi, láti ẹsẹ̀ lọ sókè, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ara lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni mo lè wọlé, mo sì lo ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí mo jáde, awọ ara mi ń ta gìrìgìrì, ara mi fúyẹ́, oorun alẹ́ ọjọ́ náà kò ní àlá. N kò ní parọ́ fún yín pé orúnkún Bọ̀ọ̀dá san. Wọ́n ní ìrora náà dínkù fún wákàtí mélòó kan, wọ́n sì sùn mọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ irú omi yìí.

Ìhòòhò ni a ń wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò sì wúlò nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ìjókòó kékeré kan ni èèyàn máa ń jókòó lé láti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ó tó sún mọ́ omi náà rárá, nítorí omi náà kì í ṣe fún ìdọ̀tí, ti gbogbo èèyàn ni. Aṣọ ìnura kékeré kò gbọ́dọ̀ kan omi, irun dídì náà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ìyá Ìbejì fi aṣọ ìnura náà wé tiwọn bí gèlè, àwọn obìnrin yòókù sì wò ó pẹ̀lú ìfẹ́. Ìtìjú àbúrò wa pọ̀ ju tiwa lọ. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé àlejò ní yàrá ìwẹ̀ kékeré tí èèyàn lè gbà fún ara rẹ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú bíi márùndínláàádọ́ta, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi kan náà sì ni ó ń ṣàn wọ ibẹ̀. Òfin ọdún 1948 ni ó sọ ohun tí a lè pè ní onsen, orúkọ tí wọ́n ń pe omi gbígbóná inú ilẹ̀ ní èdè wọn: ó gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n Celsius 25 níbi orísun rẹ̀, tàbí kí ó ní ó kéré tán ọ̀kan nínú èròjà 19 tí òfin náà tò. Ìwé àyẹ̀wò omi máa ń wà lára ògiri yàrá ìpààrọ̀ aṣọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni a kúrò ní Kusatsu, ọ̀nà Tokaido kò sì tíì dára. Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ni wọ́n ya àwòrán ọ̀nà mìíràn fún wa sórí ìwé pélébé kan: bọ́ọ̀sì dé Karuizawa, shinkansen Hokuriku láti ibẹ̀ lọ sí Tsuruga, ọkọ̀ Thunderbird láti Tsuruga dé Kyoto. Oṣù Kẹta ọdún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na ojú irin Hokuriku dé Tsuruga. Ká ní ìjì yìí ti jà ní ọdún kan ṣáájú ni, Kanazawa ni a ì bá ti pààrọ̀ ọkọ̀, ìrìn náà ì bá sì pẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn náà ti gbọ́ nípa ọ̀nà yìí. Ọkọ̀ náà kún, a sì dúró lórí ẹsẹ̀ dé Nagano kí a tó rí ìjókòó fún Bọ̀ọ̀dá àti Ìyá Ìbejì. Kò sí ariwo, kò sí ẹni tó ń ti ẹnì kejì rẹ̀. Ní gbogbo ibùdó ni ohùn kan ń tọrọ àforíjì.

Kinosaki, ní etí òkun àríwá ìpínlẹ̀ Hyogo, kò sí nínú ètò wa rárá, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni ọkọ̀ fi gbé wa débẹ̀ láti Kyoto. Ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná run ìlú náà ní ọdún 1925, wọ́n sì tún un kọ́ pẹ̀lú igi, ní ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan tí igi wílò fi orí kọ́ lé. Ilé ìwẹ̀ gbogbo ènìyàn méje ni ó wà níbẹ̀. Ìlànà wọn ni pé gbogbo ìlú jẹ́ ilé àlejò kan ṣoṣo: ibùdókọ̀ ni ẹnu ọ̀nà, òpópónà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé tí a sùn sí jẹ́ yàrá, àwọn ilé ìwẹ̀ méje sì ni balùwẹ̀. Onílé máa ń fún àlejò ní ìwé tí yóò fi wọ gbogbo wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjọ́ tí ó ń ti ilẹ̀kùn láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà márùn-ún ni a rí wọ̀ ní alẹ́ méjì.

Ìyá tó ni ryokan wa, ilé àlejò ìbílẹ̀ wọn, kúnlẹ̀ sórí ẹní láti kí wa káàbọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì fa Bọ̀ọ̀dá lójú mọ́ra débi pé wọ́n ń sọ ọ́ títí di ìsinsìnyí. Bàtà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹní koríko ni ó tẹ́ ilẹ̀ yàrá, ibùsùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì wá tẹ́ ẹ fún wa nígbà tí a ń jẹun. Aṣọ òwú tí wọ́n ń pè ní yukata wà lórí àpótí, ó sì wá fúnra rẹ̀ láti fi bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ hàn wá. Mo ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bo ti òsì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tú u, ó sì tún un wọ̀ fún mi lódì kejì, nítorí pé òkú nìkan ni wọ́n ń wọ aṣọ fún bí mo ṣe wọ̀ ọ́ yẹn. A ti sọ fún un ṣáájú pé àbúrò wa kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kì í sì í mu ọtí; ó bi wá bóyá ti ọtí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà kàn án, ó sì se tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oúnjẹ náà pọ̀ ní iye àwo, kò pọ̀ nínú àwo. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ ti pàdánù rẹ̀. Ata kò sí, ẹ mú tiyín dání.

Ohun kan ń da Ìyá Ìbejì láàmú láti Tokyo. Ìyá ìyá wọn fín orúkọ wọn sí wọn lápá nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ Jàpáànì ni wọn kò sì ti ń gba ẹni tí ó fín ara, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn wọn ni ó máa ń fi ara fínfín ṣe àmì. Ní Kusatsu, wọ́n fi báńdéèjì bò ó. Ní Kinosaki, wọ́n na apá náà sí onílé wa pẹ̀lú ìtìjú. Ó wò ó, ó fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bèèrè ohun tí ó túmọ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀rọ ti túmọ̀ rẹ̀ tán, ó ní gbogbo ilé ìwẹ̀ méjèèje ìlú àwọn ni ó ń gba aláàmì ara, kí wọ́n yọ báńdéèjì náà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì wọ yukata aláwọ̀ aró, wọ́n ká apá rẹ̀ sókè, bàtà onígi wọn sì ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀ lórí afárá odò náà láti ilé ìwẹ̀ kan dé èkejì.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Beppu, ibi tí ó yẹ kí a ti dé ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Onílé ibẹ̀ ti sún ọjọ́ wa síwájú láìgba owó kún un. Orísun omi gbígbóná tó wà ní ìlú yìí ju 2,000 lọ, kò sí ìlú mìíràn ní Jàpáànì tó ní iye bẹ́ẹ̀, èèyàn sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ fún un, nítorí pé láti orí òkè, funfun ooru ń rú jáde láti àárín ilé, láti etí títì, láti ojú gọ́tà, bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ń dáná lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ibùdókọ̀ ni ère Aburaya Kumahachi wà, ọkùnrin tó polongo ìlú náà tí ó sì dá bọ́ọ̀sì ìrìn àfẹ́ tó ní obìnrin afinimọ̀nà sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1928.

Àwọn adágún tí wọ́n ń pè ní ọ̀run àpáàdì, tí a kàn ń wò tí a kì í wọ̀, dára láti rí lẹ́ẹ̀kan: ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ojú òfurufú, ọ̀kan pupa nítorí amọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Èrò pọ̀ jù níbẹ̀, n kò sì ní padà síbẹ̀. Kannawa ni kí ẹ lọ. Níbẹ̀, ní ibi ìdáná gbogbo ènìyàn, èèyàn lè ra ẹyin, ẹ̀fọ́, ẹja àti ànàmọ́, kí ó tò ó sínú agbọ̀n, kí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò tí ooru ilẹ̀ ń gbà jáde. Ooru náà ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, ó sì máa ń wọ oúnjẹ. A se ànàmọ́ fún bíi ìdajì wákàtí, ó rọ̀, ó dùn, èèpo rẹ̀ sì ní òórùn òkúta lẹ́yìn òjò. Ìyá Ìbejì dúró ti ihò náà títí tí ìpara ojú wọn fi yọ́, wọ́n ní bí àwọn bá mú ẹ̀wà lílọ̀ àti ewé eéran wá láti ilé, móínmóín tí kò ní sí irú rẹ̀ ni àwọn ì bá se níbẹ̀.

Ní Takegawara, ilé ìwẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1879, tí ilé tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí sì jẹ́ ti ọdún 1938, wọ́n sin wá sínú iyanrìn gbígbóná. Obìnrin kan fi ṣọ́bìrì wa iyanrìn dúdú tí ó lómi bo ara mi láti ẹsẹ̀ dé ọrùn. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Mo ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù ní àtẹ́lẹsẹ̀, òógùn sì ń ṣàn wọ etí mi tí n kò lè nù ún. Obìnrin náà ṣàkíyèsí, ó sì bá mi nù ún. Fún Bọ̀ọ̀dá, èyí ni ó dára jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé iyanrìn náà di orúnkún wọn mú láti gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Yufuin ni a fi bọ́ọ̀sì lọ, tí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. A rí òkè Yufu àti adágún Kinrin, a sì padà.

Ọ̀rọ̀ owó Yufuin ni ó kù. Ilé àlejò tí a ti sanwó alẹ́ méjì fún níbẹ̀, yen 88,000 fún àwa mẹ́rin, kọ ìwé sí wa pé nítorí ìjì náà, àwọn kò gba owó ìfagilé lọ́wọ́ àlejò kankan, àti pé àwọn ti dá gbogbo owó wa padà fún ẹni tó bá wa gbà á sílẹ̀. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí aṣojú wa ní Ìbàdàn. Èsì àkọ́kọ́ tí ó fún wa ni pé owó tí a san kì í padà. Èkejì ni pé báńkì ni ó ń fà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n ó sọ ohun tí a ì bá ti ṣe: a ì bá ti gba ilé náà sílẹ̀ fúnra wa bí mo ti ṣe ti Hakone, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé wọ̀nyí ń dáhùn ìwé tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kékeré kọ sí wọn, wọ́n sì ń gba kí á sanwó nígbà tí a bá dé. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo aṣojú, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i, pé owó tí onílé bá dá padà, tiyín ni, kí ó sì dárúkọ ọjọ́ tí yóò san án.

A ti tẹ ìwé Yufuin náà jáde ní ẹ̀dà mẹ́rin. Àbúrò wa ti fi òǹtẹ̀ sí i, Bọ̀ọ̀dá sì ti ní àwọn yóò bá wa lọ, pé bí aṣojú náà bá rí irun funfun lẹ́nu ọ̀nà, yóò jáde síta. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.